Rọ́bọ́ọ̀tì Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Irú eré kan wà lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù tí ó yàtọ̀ sí eré ìbọn yíyìn àti eré bọ́ọ̀lù tí ọ̀pọ̀ òbí mọ̀. Ìtàn ni ó ń tì í lọ. Rọ́bọ́ọ̀tì kan á la ojú nínú ọkọ̀ òfurufú tí ó ti dẹnu kọlẹ̀. Kò mọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́, kò sì mọ ibi tí àwọn tí wọ́n jọ gbéra wọlé sí. Yóò máa ti ayé kan bọ́ sí òmíràn, yóò máa ka àkọsílẹ̀ tí àwọn aṣáájú fi sílẹ̀, yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe bí ó ti ń bàjẹ́, títí yóò fi rí ohun tí ó ń wá tàbí kí ó mọ̀ pé ohun náà kò sí mọ́. Ọmọ tí ó ń ṣe eré náà ni ẹsẹ̀ àti ojú rọ́bọ́ọ̀tì yìí. Bí ọmọ náà kò bá kàwé, kò lè tẹ̀ síwájú. Bí kò bá ronú, inú òkùnkùn ni yóò máa yí ká.

Ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, láti Másìfà títí dé Ìfẹ̀-Ọ̀dàn, bí ó ti rí ní ìlú Yorùbá gbogbo, oríṣi àgbà méjì ni ó ń bá irú eré bẹ́ẹ̀ jà. Àgbà kìíní ní eré ń ba ọmọ jẹ́, kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà kejì kò bínú rárá. Ẹ̀rín ni ó ń rín. Ó ní eré náà dára, ó ń jẹ́ kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá Yorùbá mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, Ìjàpá àti Yánníbo ni Yorùbá wà fún, òwe àti oríkì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní ohun kan í bá rọ́bọ́ọ̀tì ṣe. Àṣìṣe àgbà kìíní kéré. Àgbà kejì ni ó léwu, nítorí pé inú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ wà, orí èdè Yorùbá gan-an ni wọ́n sì ti ń gba owó oṣù.

Ó yẹ kí àgbà kìíní kọ́kọ́ gba èsì tirẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: ọmọ tí ó bá fi gbogbo òru tẹ fóònù yóò sùn ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n Èjìgbò kọ́ ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ti máa fojú tín-ín-rín eré tí ó ní ìtàn nínú. Nígbà ọdún Ògiyán, àwọn ará Òkè Mapó àti ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣọ́lọ̀ a máa dojú kọ ara wọn pẹ̀lú àtòrì. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé babaláwo kan, ọ̀rẹ́ ọba, padà wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lù ú, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Nígbà tí àṣírí tú tí wọ́n sì tú babaláwo náà sílẹ̀, àtòrì ni ìlú fi ń na ara wọn láti san gbèsè ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Eré ni èyí. Ó ní ìlànà, ó ní ìhà méjì, ó ní ìtàn, ẹni tí ó bá sì wọ inú rẹ̀ ń fi ara rẹ̀ ṣe ìtàn náà ni, kì í ṣe pé ó jókòó gbọ́ ọ.

Bákan náà ni àlọ́ àpagbè. Bí apàlọ́ bá dá orin tí àwọn ọmọ kò gbè é, ìtàn dúró nìyẹn. Ohùn àwọn ọmọ ni ó ń gbé Ìjàpá láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì. Nítorí náà, eré tí ìtàn ń tì lọ, tí kò lè rìn bí ẹni tí ń ṣe é kò bá dá sí i, kì í ṣe àjèjì ní Èjìgbò. Fóònù nìkan ni ó jẹ́ tuntun.

Ó wá ku àgbà kejì. Kí òun náà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó tẹ̀ jáde ní 1938, sí ẹ̀gbẹ́ eré rọ́bọ́ọ̀tì tí ó ń rín. Ọba rán Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó kí ó lọ gba ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú. Àkàrà-ògùn kò dá lọ. Kàkó, Ìmọ̀dóyè, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ, Èfọ̀ìyẹ̀ àti Àràmàǹdà-òkùnrin bá a lọ, ẹ̀bùn olúkúlùkù sì yàtọ̀: ọ̀kan gbọ́n, ọ̀kan mọ orin í kọ, ọ̀kan gbọ́ èdè ẹranko, ọ̀kan mọ ọfà í ta. Bí ìṣòro bá dé, ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ bá a mu ni yóò bọ́ síwájú. Ọmọ tí ó bá ti ṣe eré ìwákiri rí yóò dá ètò yìí mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: iṣẹ́ tí a rán ni, ọ̀nà jíjìn, ohun ìjà, ìdánwò kan tẹ̀lé òmíràn, àti ìmọ̀ tí ó wúlò ju ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbéra lọ.

Kí ni ó wá yàtọ̀? Igbó ni ti Fágúnwà, òfurufú ni ti rọ́bọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n kí nìdí tí Fágúnwà fi yan igbó? Ó yàn án nítorí pé igbó ni ibi tí àwọn tí ń ka ìwé rẹ̀ kò mọ dópin, ibi tí ọ̀nà oko ti tán tí ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ọmọ tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Èjìgbò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò rí oko, ilé àti ilé epo. Kò sí irúnmọlẹ̀ kan tí yóò gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ lójú ọ̀nà náà. Igbó ti ṣí lọ sókè. Olùkọ́ tí ó ní inú igbó nìkan ni ìtàn Yorùbá gbọ́dọ̀ máa gbé kò tẹ̀lé Fágúnwà rárá. Ó di ewé igbó náà mú, ó sì sọ ọdẹ nù.

Rọ́bọ́ọ̀tì awákiri kò sì jẹ́ ìtàn àròsọ nìkan. Ní oṣù kìíní ọdún 2004, rọ́bọ́ọ̀tì ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Opportunity, ìyẹn Àǹfààní, balẹ̀ sórí Mars. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kí ó wá àmì bóyá omi ti wà níbẹ̀ rí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ṣírò fún un. Ó lo ọdún mẹ́rìnlá, ó rin ju 45 kìlómítà lọ, ó sì rí ẹ̀rí omi àtijọ́ nínú òkúta. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ìjì eruku bo oòrùn tí ó ń fún un ní agbára, ohùn rẹ̀ sì dákẹ́. Àwọn tí wọ́n rán an ń pè é fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí kò jẹ́, wọ́n kéde ní oṣù kejì ọdún 2019 pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ní òun kò rí ohun tí òun lè kọ ìjálá lé lórí mọ́, kí wọ́n sọ ìtàn yìí fún un. Ìjálá ni ohùn ọdẹ, ọdẹ tí ó bá sì lo ọdún mẹ́rìnlá nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò dé rí tó ẹni tí ènìyàn ń ṣe ìrèmọ̀jé fún.

Rọ́bọ́ọ̀tì mìíràn tún wà tí ìtàn rẹ̀ kan Yorùbá ju ti Opportunity lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, Amẹ́ríkà jù Voyager 1 sókè. Ọkọ̀ yìí kò ní ènìyàn nínú. Ó kọjá Jupiter àti Saturn, ó ń rìn lọ títí, ó sì ti jìnnà sí Ayé ju bílíọ̀nù 24 kìlómítà lọ báyìí. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù oníwúrà kan wà lára rẹ̀ àti lára èkejì rẹ̀, Voyager 2, tí wọ́n ká ìkíni sí ní èdè 55, bóyá ẹ̀dá kan lè pàdé ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan. Èdè Súmérì wà níbẹ̀. Èdè Àkádì àti ti Hítì wà níbẹ̀, àwọn èdè tí kò sí ìyá tí ó fi rẹ ọmọ lẹ́kún mọ́ láti ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ. Èdè ilẹ̀ Wales, tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò tó mílíọ̀nù kan, wà níbẹ̀. Láti ilẹ̀ Áfíríkà, Luganda wà, Sotho wà, Nyanja wà. Yorùbá kò sí. Hausa kò sí, Igbo kò sí. Kò sí èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan ṣoṣo. Ìlù láti Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára orin tí ó bá ọkọ̀ náà lọ. Ìlù Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà rìnrìn àjò. Ẹnu rẹ̀ kò bá a lọ.

Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1977 kan náà, gbogbo ọmọ adúláwọ̀ láyé péjọ sí Èkó fún FESTAC, wọ́n jó, wọ́n lu ìlù, wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa ògo àṣà. Oṣù méje lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ gbéra láìgbé Yorùbá. Àwọn tí wọ́n ṣe àwo náà kò kórìíra Yorùbá. Àkókò kò tó wọn, ẹni tí ó wà nítòsí ni wọ́n sì bi. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn: kò pọn dandan kí ènìyàn ní ọ̀tá kí èdè rẹ̀ tó pòórá níbi tí wọ́n ti ń to èdè, ó tó kí ó má sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú eré kọ̀ǹpútà lónìí. Bí ọmọ bá ṣí eré, wọn yóò bi í pé èdè wo ni ó fẹ́. Yóò rí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Potogí, èdè Ṣáínà àti ti Jàpáànù. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó rí Yorùbá. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń gbéra.

Àgbà kejì yóò ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan wọ̀nyí. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ní i. Èdè Czech ni ọ̀rọ̀ náà, robot, ti wá. Karel Čapek ni ó lò ó nínú eré oníṣe kan tí ó kọ ní 1920, Josef ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sì dá a lábàá. Robota lédè wọn ni iṣẹ́ àfipáṣe. Àwọn tí ń sọ èdè Czech kò pọ̀ tó àwọn tí ń sọ Yorùbá rárá, síbẹ̀ ìwé eré oníṣe kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó fún gbogbo ayé ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀rọ yìí. Ní 2009, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tún ṣe eré kan tí wọ́n pè ní Machinarium, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan tí ń wá ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ kiri ìlú irin, Josef ni wọ́n sì sọ rọ́bọ́ọ̀tì náà. Wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó fún wọn láyè.

Yorùbá náà kò sùn nígbà tí ọ̀run ń yí. Ìràwọ̀ tí ó máa ń bá oṣù rìn ni àwọn àgbà pè ní Àgùàlà, tí wọ́n sì fi pa òwe pé àwọn ènìyàn ṣèṣì pè é ní ajá oṣù. Àgùàlà yìí ni Venus, ayé kan tí ó ń yí oòrùn ká bíi ti wa. Ẹni tí ó pa òwe náà ti mọ̀ pé ohun tí ó sún mọ́ ara wọn lójú lè má bá ara wọn tan. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, èkejì sì tẹ̀lé e ní 1990 lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì. Wọ́n fi hàn bí a ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ gíga. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá sì sí, èdè a máa yá a, a sì fi ohùn ara rẹ̀ pè é, bí ó ti yá kọ̀ǹpútà àti sátẹ́láìtì. Yíyá ọ̀rọ̀ kò sọ èdè di aláìní. Èdè tí ó bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀ ni ó ń di aláìní.

Bí ẹnì kan bá rò pé òfurufú jìnnà sí Ọ̀ṣun, kí ó rìn dé Ilé-Ifẹ̀. Láti 1998 ni ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú kan tí ó tan mọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Fún àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Áfíríkà ni; ti àwọn tí ń sọ Faransé wà ní Rabat ní Mòrókò. Ọ̀run Áfíríkà ni wọ́n pín sí méjì báyìí, orúkọ èdè méjì tí ó ti òkè òkun wá sì ni wọ́n fi pín in. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun ará Èjìgbò ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé èdè méjèèjì ni ó wà lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú náà. Àìmọye ìdílé Èjìgbò ni ó ti lọ ṣòwò ní Abidjan láti ìran dé ìran; àwọn ọmọ wọn ń gbọ́ Faransé lọ́jà, wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá dé ilé-ẹ̀kọ́ nílé. Yorùbá ni okùn tí ó so ilé mọ́ Abidjan. Èdè tí ó tó okùn láàárín orílẹ̀-èdè méjì, tí ó la ààlà Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò lágbára àti wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ohun tí ó wà nínú ewu nínú ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n mú wá ni pé àwọn tí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ẹ̀rí tí Ọ̀ṣun mọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀: ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tí ó fi èdè ìyá rẹ̀ lóye ìṣirò ni ó lè fi èdè mìíràn ṣàlàyé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ni ó ní kí olùkọ́ Yorùbá fi ọ̀la ọmọ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ti fúnra wọn fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ kọ àròkọ lórí àná, ti Yorùbá ni. Bí ó bá kan ọ̀la, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ín. Ọmọ wá ń dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé èdè bàbá òun jẹ́ ilé tí ènìyàn ń padà sí, kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà lọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ pọ̀. Ní 2024, eré àwòrán kan jáde lọ́dọ̀ Disney lórí Èkó ọjọ́ iwájú. Ilé-iṣẹ́ Maliyo, tí ó wà ní Nàìjíríà, sì ṣe eré fóònù kan láti ara rẹ̀. Iwájú ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi. Gẹ̀ẹ́sì sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ. Orúkọ ni Yorùbá, ẹnu ni Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ náà dára, ẹni tí ó ṣe é sì yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí.

Àwáwí tí ó kù ni owó: kọ̀ǹpútà kò tó, iná kò dúró. Eré tí ìtàn ń tì lọ kò fi iná bẹ̀rẹ̀. Ìwé ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ní ọmọ 30 ní kíláàsì SS1 lè ṣe é pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé kan. Kí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú-ìwé kan. Rọ́bọ́ọ̀tì jí ní ojú-ìwé 1. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọmọ yóò kọ pé bí ó bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, kí òǹkàwé lọ sí ojú-ìwé 7. Bí ó bá fẹ́ ka lẹ́tà tí ó wà nílẹ̀, kí ó lọ sí ojú-ìwé 12. Ẹni tí ó ni ojú-ìwé 7 yóò máa bá a lọ. Inú iṣẹ́ yìí ni àpèjúwe wà, ìtàkùrọ̀sọ wà, ẹyọ ọ̀rọ̀ àti àmì ohùn wà. Ìlànà ìdánwò kò pàdánù ohunkóhun. Àríyànjiyàn yóò sì dé fúnra rẹ̀: kí ni rọ́bọ́ọ̀tì yóò pe ara rẹ̀? Ta ni yóò máa kí, báwo ni yóò sì ṣe kí i? Ṣé “ẹ” ni yóò fi bá ẹ̀rọ tí ó dàgbà jù ú lọ sọ̀rọ̀ ni, àbí “o”? Ìbéèrè tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè bi í nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti rí i pé Yorùbá ní ohun tí yóò sọ fún ọjọ́ iwájú tí èdè mìíràn kò ní.

Ìwé yẹn lè ti ọwọ́ ọ̀rẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ó sì di eré lórí fóònù. Bí kò bá sì di eré fóònù, ó ti di lítíréṣọ̀. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó àwo oníwúrà tí ó wà lára Voyager mọ́. Èdè 55 ni yóò jẹ́ títí láé. Àwọn eré tí àwọn ọmọ yóò ṣe lọ́dún mẹ́wàá òní kò tíì parí ní kíkọ, àkójọ èdè wọn sì ṣì ń gba orúkọ. Olùkọ́ tí ó bá ní Yorùbá kò yẹ níbẹ̀ kí ó má ṣe dá Amẹ́ríkà lẹ́bi nípa ti 1977.